Má Fi Ìtàn Sílẹ̀, Ọmọ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

O ní C. S. Lewis ni ẹ ń kà ní sáà yìí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní Ìgbájà, pé àwọn ìwé tó fi gbèjà ìgbàgbọ́ wù ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ìtàn Narnia tó kọ, tọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ mi, ìtàn wà lára ohun tó mú ọkùnrin yẹn dé ọ̀dọ̀ Kristi. Belfast ni wọ́n bí i sí ní 1898. Ìyá rẹ̀ kú ní 1908, kò tíì pé ọmọ ọdún 10. Nígbà tó yá, ó ní kò sí Ọlọ́run. Ó jagun, ó gbọgbẹ́, ó di olùkọ́ ní Oxford. Ní oṣù kẹsàn-án 1931, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tolkien àti Hugo Dyson, rìn lóru, wọ́n sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́. Lewis ti fẹ́ràn ìtàn àtayébáyé níbi tí òrìṣà ti ń kú tó sì ń jí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó yé e pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ti Kristi, ṣùgbọ́n pé èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó gbà gbọ́.

Ka Mere Christianity, ọ̀kan lára àwọn ìwé tó fi gbèjà ìgbàgbọ́, dáadáa. Orí rédíò ló ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n tó kó o jọ ní 1952. Àmọ́ nínú Narnia, Aslan, kìnnìún yẹn, kú dípò ọmọ tó da àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ a gbọ́ ọ, a sì yé e.

Ìwé méjì wà tí mo bẹ̀ ọ́ kí o gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1940, Lewis kọ The Problem of Pain, ó ṣàlàyé ìdí tí Ọlọ́run rere fi fàyè gba ìrora. Àlàyé náà dára. Ní 1960, àrùn jẹjẹrẹ pa Joy, ìyàwó rẹ̀. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, A Grief Observed, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bíi Jóòbù, ó bínú, ó sunkún, síbẹ̀ kò fi Ọlọ́run sílẹ̀. Bí o bá parí ẹ̀kọ́ rẹ, wọn yóò ránṣẹ́ pè ọ́ sílé ọ̀fọ̀ níhìn-ín ní Kàbà, o ó bá ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ lánàá lórí ẹní. Jọ̀wọ́, má gbé ìwé 1940 lọ bá a. Jókòó tì í. Ìwé kejì ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó tini.

Bàbá rẹ ní kí n má gbàgbé Fágúnwà. Òótọ́ ló sọ. Ní 1938, ọdún 12 kí Narnia tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí iwin àti ìwàásù jọ wà nínú rẹ̀. Lewis kú ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1963. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, odò gbé Fágúnwà lọ nítòsí Bídà. Èmi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ wàásù fáwọn èèyàn wa gbọ́dọ̀ ka àwọn méjèèjì.

Bí o bá wálé fún ọdún Àjíǹde, àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìsinmi ń dúró dè ọ́. Ka ìtàn kìnnìún náà fún wọn lédè wa, kí o sì ka ti Fágúnwà tẹ̀ lé e. Kọ ìbéèrè tí wọ́n bá bi ọ́ sílẹ̀, kí o mú un padà lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ.

Mo fi gàrí àti iṣu ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Jẹun dáadáa. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ