Àkòrí Pírójẹ́ẹ̀tì Wà Nínú Ìsọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì la fẹ́ sọ lónìí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í jáde láìkọ pírójẹ́ẹ̀tì. Ọmọ á mú àkòrí bíi mẹ́ta lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, olùkọ́ á mú ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣa àkòrí, tàbí kí wọ́n gbé ti ẹni tó ti jáde, kí wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ ìlú inú rẹ̀. Ohun tí ọmọ wa obìnrin náà ṣe nìyẹn. Ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni olùkọ́ dá padà. Ó délé, ó ń sunkún.

Ìyá rẹ̀ ló bi í pé, "Kí ló ń san owó ilé ìwé rẹ?" Ó ní obì gbànja tí à ń tà ní Kánò níbí ni. "Ṣé obì kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ ni?" Àwa tí à ń gbé apá ibí mọ bí Sókótó ṣe jìnnà tó, àṣé ohun tí à ń wá lọ síbẹ̀ wà nínú ṣòkòtò.

Ó mú àkòrí tuntun lọ: ohun tó ń ba obì jẹ́ láti Ṣágámù dé Kánò, àti owó tí oníṣòwò ń pàdánù níbẹ̀. Olùkọ́ gbà á lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ojú ti tì wá. Ó pín ìwé ìbéèrè 40 fún àwa ará ọjà, 9 péré la dá padà. Àwọn kan ní ìjọba ló fẹ́ fi gba owó orí. Àwọn kan fi di obì fún oníbàárà. Àwa tí a bí i gan-an, a ní kó má da ọjà rú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n gba iṣẹ́.

Nígbà tí a rí i pé ọdún kan lè bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, a ti ìsọ̀, a tẹ̀ lé e káàkiri ọjà. Ẹni tí kò mọ̀wé sọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀: bí a ṣe ń fi ewé gbòdògí tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má gbẹ, bí a ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò kó tó ran ìyókù, bí ooru ṣe ń ṣe é bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ ka iye obì tí à ń dà nù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é kó wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló dé tí a ò kúkú lo ọ̀rá nìkan. Ó ní ọ̀rá ń pa omi ara obì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ò bá máa ṣí i kó gba atẹ́gùn, obì á bu. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti rí i. Ó yege.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá mú ìwé ìbéèrè wá sí ìsọ̀ yín, ọmọ ẹni tó wù kó jẹ́, ẹ dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ náà, kí ẹ tó ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wá ná. Àjò á dùn o.