Orúkọ Tí Ó Ju Ọjà Lọ

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ ní Ẹgàn, lẹ́bàá Ìgàndó. Ẹni tí ó ń wá ìyẹ̀fun ìfọṣọ yóò ní kí wọ́n ta Omo fún òun. Ìyá ọlọ́jà a sì bi í pé: “Omo wo? Ṣé Ariel ni àbí Klin?” Kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí Omo ni gbogbo wọn. Indomie, tí ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 1988, ti di orúkọ gbogbo irú rẹ̀. Pampers náà kò gbẹ́yìn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Procter & Gamble, tí ó ni Ariel àti Pampers, kéde pé òun yóò ṣíwọ́ ṣíṣe ọjà ní Nàìjíríà, òun yóò sì máa kó wọn wọlé láti òkè òkun. Ọjà wọ́n, ọ̀pọ̀ abiyamọ sì yà sí èyí tí ó rọjú. Síbẹ̀, Pampers ni wọ́n ń pe ìyẹn náà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ka èyí sí àìgbédè. Èdè tí ó yè a máa yá ọ̀rọ̀ lò. Ohun tí ó yẹ ní bíbẹ̀rù ni pé “ìlédìí” ń parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Aṣọ tí à ń fọ̀, tí à ń sá, tí àbúrò sì ń jogún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ni ìlédìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kú, kí ni abiyamọ tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi rántí pé ọ̀nà mìíràn wà?