Ọjọ́ Tí A Fi Dúrótimi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Dúrótimi kì í ṣe ènìyàn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bàbá mi ni. Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ náà nítorí pé ìwà àbíkú ló ń hù: lónìí á kú sójú títì, lọ́la á tún jí. Àwàdà lásán ni mo ka orúkọ yìí sí. Tòkunbọ̀ ni bàbá mi rà á, ní nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ará òkè òkun ti lò ó kí ó tó gba Kútọnu wọlé, bí ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí wọ́n wá gbé wálé.

Àìsàn rẹ̀ tó burú jù ni gbígbóná. Bí a bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road, gbogbo wa á máa wo ọwọ́ kékeré tó ń tọ́ka sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Kẹ́ẹ̀gì omi kì í kúrò nínú búùtù wa. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní orí ẹ́ńjìnnì náà ti wọ́, nítorí náà kò ní yéé jẹ omi.

Ní ìsinmi tó kọjá, bàbá mi pinnu láti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹ ó gbé ògbólógbòó ọkọ̀ yín wá, wọn á díye lé e, ẹ ó sì fi owó kún un láti gbé èyí tó sàn jù ú lọ. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ọdún mẹ́ta ló fi kó ₦2,300,000 jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń fọ ọkọ̀, mẹkáníìkì wa ní, “Ẹ tètè lọ kí oòrùn tó mú, sà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Bàbá mi kò dá a lóhùn.

Nígbà tí a débẹ̀, ojú mi lọ sára ọkọ̀ kan tó ní àwọ̀ fàdákà. Wọ́n ní kí n wọ inú rẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi lójú. ₦3,500,000 ni wọ́n ń tà á. Ọ̀gá ibẹ̀ yí Dúrótimi po. Ó fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀, ó yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ó sì nù ún bóyá ọ́ìlì náà ti funfun bíi tíì oníwàrà. Kò funfun. Ó ní bí kò bá ní àléébù mìíràn, òun á kà á sí ₦1,200,000. Mo ro ó lọ́kàn mi: owó wa pé gẹ́lẹ́!

Ìgbà náà ni fóònù bàbá mi dún, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti dáhùn. Ọ̀gá náà yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ mi, ìwọ lo máa ń jókòó ti dádì. Ṣé ó máa ń gbóná?”

“Rárá o, sà. Kò gbóná rí.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Bàbá mi padà dé. Ọ̀gá náà mú bírò, ó bi òun náà ní ìbéèrè kan náà.

“Ó máa ń gbóná,” ni bàbá mi wí. “A ti ṣe gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e rin ìrìn àjò kí ẹ tó tún un ṣe.”

Ọ̀gá náà gbé bírò sílẹ̀. Ó wò mí. “Tíṣà, ọmọ yín ní kò gbóná rí.”

Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Bàbá mi wò mí, kò pẹ́, ó sì ní, “Ẹ má bínú, sà. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.”

Iye Dúrótimi já sí ₦850,000. Ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tí owó wa ká ni a gbé: amúlétutù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ọwọ́ la sì fi ń yí gíláàsì rẹ̀. Kí a tó kúrò, ọ̀gá náà kan fèrèsé, ó ní ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ti fẹ́ kú, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

A ti fẹ́ẹ̀ dé ilé kí n tó lè sọ̀rọ̀. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yẹn ló wù mí.”

“Ó wu èmi náà,” ni ó wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Nígbà tí mo ra Dúrótimi, mo bi ẹni tó tà á fún mi bóyá ó máa ń gbóná. Ó ní kò gbóná rí. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ lónìí gan-an ni. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi hó mọ́ wa lọ́wọ́ nítòsí Ìkirè, ní òru, nínú òjò. Oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí o dúró ti òun. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ.”

N kò lè fọhùn.

“Ẹni tó ń ra ọkọ̀ kò lè ríran wọnú ẹ́ńjìnnì,” ni bàbá mi wí. “Ẹnu ẹni tó ń tà á ni ojú ẹni tó ń rà á.”

Ooru ṣì ń mú wa nínú ọkọ̀ yìí. Bí oòrùn ọ̀sán bá ràn, èmi ni mo máa ń yí gíláàsì sílẹ̀ fún gbogbo ilé. Bí mo bá sì ti ń yí i, mo máa ń rántí òru Ìkirè tí n kò fojú rí, àti irọ́ kan náà tí èmi pẹ̀lú fẹ́ tà fún ẹlòmíràn.