Ẹ wá wo ìlú tí wọ́n ti ń fi yìnyín kọ́lé ní Ṣáínà! Kò ju oṣù bíi méjì lọ tí gbogbo ẹ̀ fi ń domi

Áìsì bílọ́ọ̀kù tí àwọn tó ń ta míníráàlì máa ń rà l'Ékòó, bí wọ́n tiẹ̀ fi àpò wé e láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, ó ti ń domi. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà tó jẹ́ pé irú yìnyín yìí gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ ilé gogoro, tí wọ́n fi ń mọ odi, tí wọ́n sì fi ń gbẹ́ ère. Harbin lorúkọ ẹ̀, apá àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà ló wà.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa o. Nínú oṣù kìn-ín-ní, ó lè fi ìwọ̀n 20 sí 30 lọ sísàlẹ̀ òdo lóru. Fìrísà inú ilé pàápàá kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Èémí àlejò á dì mọ́ ìpéǹpéjú ẹ̀, á funfun bíi ti arúgbó. Bátìrì fóònù tó kún fọ́fọ́ lè kú lójijì. Ẹni tó bá débẹ̀ láìwọ aṣọ bíi mẹ́ta léra, láìsí ibọ̀wọ́ àti fìlà tó bo etí, ara ẹ̀ ni yóò jẹ́jọ́. Síbẹ̀, áásìkiriímù ń tà ní títì bí àkàrà!

Àwọn apẹja ni wọ́n sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á bu omi sí kórobá, wọ́n á gbé e síta. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ti dì, wọ́n á da omi àárín nù, wọ́n á ki àbẹ́là bọ̀ ọ́, ó di fìtílà. Lọ́dún 1963, ìlú fi irú fìtílà bẹ́ẹ̀ ṣe ìwòran nínú ọgbà kan. Nígbà tó di 1985, ó ti di ọdún ńlá. Ọgbà Ice and Snow World, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1999, lèrò ń ya lọ jù báyìí.

Alẹ́ ni kéèyàn lọ o. Inú yìnyín ni wọ́n ń ri gílóòbù mọ́. Bí wọ́n bá ti tanná, ilé á pọ́n, á di àwọ̀ ewé, á di àwọ̀ sánmà. Àgbàlagbà á jókòó sórí yìnyín, á yọ̀ ṣọ̀ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa ké bí ọmọdé.

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í rí nìyí. Odò Songhua tó gba ìlú náà kọjá ni wọ́n ti ń gé yìnyín náà. Nínú oṣù kejìlá, tí odò bá ti dì gbagidi, àwọn òṣìṣẹ́ á bọ́ sórí ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Àgbẹ̀ àti bíríkìlà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, òtútù ló lé wọn kúrò níṣẹ́. Wọ́n á fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì là á, wọ́n á fi irin gún un títí á fi dá, wọ́n á fi ìkọ́ wọ́ ọ jáde. Ẹyọ kan ń wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò, bẹ́ẹ̀ omi ń ṣàn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, omi ni sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á dà á sáàárín bílọ́ọ̀kù, á dì, ó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má jẹ̀ẹ́ kí àárín oṣù kejì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ère tí kò nímú mọ́ á pọ̀, ilé á máa yọ́ bí òrí. Àlejò á ní ó mà ṣe o, owó ńlá yìí ló ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ilé náà kò bá yọ́, ta ni yóò tún pe àwọn ará orí odò yẹn síṣẹ́ lóṣù kejìlá? Ohun tó ń ṣe àlejò láàánú, òun lowó oúnjẹ tiwọn.