Omi Kún Táǹkì, Ẹja Ni Kò Tíì Sí

Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá lẹ́yìn ìsìn ti pọ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ ọ́ síbí. Kí ló dé tí omi fi wà nínú táǹkì ẹ̀yìn ilé wa ní Agbabu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tí kò sì sí ẹja kan ṣoṣo níbẹ̀? Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún Màmá pé bóyá ìgbàgbọ́ Pásítọ̀ ló ti ń rẹlẹ̀. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn wá díẹ̀.

Owó ẹja yìí kì í ṣe owó ìjọ. Àjọ tí Màmá dá fún odindi ọdún kan ni. Tí àrọ̀ bá jẹun dáadáa, láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ó lè tó kílò kan. Ibẹ̀ la ti fẹ́ san owó WAEC àkọ́bí wa. Kò sí àjọ mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni síméńtì tuntun. Táǹkì tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń tú oró síméńtì sínú omi, omi á wá dà bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ. Ojú ò ní rí i o, omi á mọ́ gaara. Ọmọ ẹja tó bá kó sínú rẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń ṣe ni pé wọ́n á gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á dà á sínú omi táǹkì títí á fi jẹrà, wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á fọ táǹkì. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é. Òórùn rẹ̀! Àwọn ará ilé kejì ò ní gbàgbé wa bọ̀rọ̀. Arákùnrin wa kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní FUTA ní Àkúrẹ́ bá wa fi bébà yẹ omi wò. Ó ní kí pH rẹ̀ wà láàárín 6.5 sí 8. Nígbà àkọ́kọ́, ó lé ní 9. Nígbà kejì, ó wálẹ̀ sí 7.5.

Omi fúnra rẹ̀ tún lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ Agbabu yìí ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní bítúmẹ̀nì ti ń sun jáde. Láti 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ wá a lágbègbè yìí, kí ogun 1914 tó dá iṣẹ́ náà dúró. Nítorí náà, a ò kàn pọn omi kànga tó sún mọ́ wa. A pọn ọ́n sínú báfù, a fi í sílẹ̀ mọ́jú, a wò ó bóyá òróró ń dán lójú rẹ̀. Omi kànga tó wà lókè la padà lò.

Ọmọ ìjọ wa kan tó wà ní London ló tún fún wa lọ́kàn. Àpótí onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló kún inú rẹ̀. Ohun tó ń wù ú láti sìn níbẹ̀ ni anemone, ẹranko òkun kan tó dà bí òdòdó, tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, tí apá rẹ̀ ń ta ẹja bí èsìsì. Àwọn ewéko tíntìntín ń gbé inú ara rẹ̀, iná ni wọ́n fi ń se oúnjẹ fún un. Oṣù mẹ́jọ ló fi tọ́jú omi yẹn kó tó ra ẹyọ kan! A ní, ṣé omi ò mọ́ ni? Ó ní ó mọ́, kò tíì gbó ni. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ oró ìgbẹ́ ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ lára òkúta àti ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oró yẹn á pa ohun tó bá wọlé. Àrọ̀ le ju anemone lọ fíìfíì, ó tiẹ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òkè, àmọ́ oró kan náà ló ń pa ọmọ rẹ̀. (Pétérù apẹja ni, kò sin ẹja rí. Ẹ má fi tiẹ̀ bá wa jà.)

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹja 300 dé láti Ore, nínú ọ̀rá, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀. A ò da wọ́n sómi. A gbé ọ̀rá léfòó lójú omi kí tinú tòde lè lọ́ bákan náà, a wá ń fi ife bu omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, a tẹ ẹnu ọ̀rá sísàlẹ̀, àwọn fúnra wọn ló wẹ̀ jáde. Màmá ò sọ̀rọ̀ rárá. A gbàdúrà, a ò fún wọn lóúnjẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán kíá là ń fún wọn, torí oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù á dí oró.

Títí di òní, mẹ́sàn-án ló kú. 291 ṣì ń wẹ̀.

Ohun tó kàn báyìí ni ṣíṣà. Àwọn kan ti ń yára tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àrọ̀ ńlá ò sì mọ àbúrò, ṣe ló ń gbé e mì. Sátidé tó ń bọ̀ yìí la ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a nílò báfù ńlá méjì sí i. Ẹni tó bá ní àwọ̀n olójú kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání.