Gbígbé Gbèsè Kiri Kì Í Ṣe Sísan Gbèsè

Ẹni tí ó bá mọ etí òkun Ìlàjẹ dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe àṣejù ni ó ń sọ gbogbo ènìyàn di onígbèsè. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tí omi ba ààrò tí àǹtí mi fi ń yan ẹja jẹ́, wọ́n yá ₦100,000 kí wọ́n lè mọ òmíràn, kí wọ́n sì tún máa rí ẹja gbé lọ sí ọjà Ìgbókòdá. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦5,000 lóṣù. Ìparí àkókò ni wọn yóò san ojú owó.

Nígbà tí ó ku oṣù márùn-ún, ayánilówó mìíràn dé. Ó ní òun yóò san gbèsè náà, kí àǹtí mi wá máa san ₦4,000 péré fún òun lóṣù. Inú wọn dùn, wọ́n pè mí.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó."

"Àǹtí, èló ni yóò gbà lọ́wọ́ yín kí ó tó gbé owó sílẹ̀?"

₦6,000 ni, fún fọ́ọ̀mù àti owó iṣẹ́. A ṣírò rẹ̀. Níbi tí wọ́n wà, èlé oṣù márùn-ún jẹ́ ₦25,000. Níbi tí wọ́n fẹ́ lọ, èlé jẹ́ ₦20,000. Bí a bá fi ₦6,000 kún un, ó di ₦26,000. Gbèsè tí èlé rẹ̀ kéré ni yóò gba owó jù lọ́wọ́ wọn. Àǹtí mi kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ wọn tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní irú rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, báńkì a máa ní kí oníbàárà gbé gbèsè orí káàdì àwìn rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, òun kò ní gba èlé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gba owó ìgbérù, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà. Bí gbèsè bá jẹ́ £2,000, ìdá mẹ́ta jẹ́ £60. Gbèsè ti di £2,060.

Ká ní ọdún kan ni wọ́n fún un. Ẹni tí ó bá ń san bí £172 lóṣù yóò parí rẹ̀, £60 nìkan ni ìgbérù náà sì ná an. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń san £100 yóò ṣì jẹ £860 nígbà tí ọdún bá pé, èlé gidi yóò sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ san ti oṣù kan, báńkì lè fòpin sí àǹfààní náà. Ọjà tuntun tí ó bá fi káàdì náà rà sì lè máa ru èlé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: èló ni ẹ ó san kí ẹ tó wọlé? Ìgbà wo ni àǹfààní náà yóò parí? Èló ni èlé yóò jẹ́ lẹ́yìn náà? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Bí a bá wọ́ igi náà láti ibì kan sí ibòmíràn lójú ọ̀nà, ọ̀nà kò tíì là.