Èéfín Ìdí Dòdò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń ka Yorùbá ní ọgbà UNIOSUN tó wà ní Ìkirè, ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, kí wọ́n tó dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ìyá àgbà mi ní Àpòmù náà ń dín in. Igi ni wọ́n fi ń dáná, ẹ̀yìn wọn sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà.

Lọ́dún tó kọjá, ikọ́ kò jẹ́ kí ọmọ yìí sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, oògùn ikọ́ ni wọ́n ń fún wa. Nígbà kẹrin, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan bi mí pé, "Kí lẹ fi ń dáná? Níbo lọmọ máa ń wà?" Ó ṣe mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi ìyá àgbà sùn. Mo bi í bóyá iléèwé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ní, "Rárá o, ìyá tèmi náà ń dín in."

Tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ aláṣọ ńkọ́?

Ní Zamfara ní 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ibà ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ pè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣètò fún àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé, tó fi irú ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn kọ́ni.

Ìyá àgbà ní, "Kí n má dín dòdò mọ́, kí la ó jẹ?" A ti gbé ààrò lọ sí gbangba ẹ̀yìnkùlé. Tí mo bá wà nílé, èmi ni mo ń pọn ọmọ. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń padà sí Ìkirè.